Ẹ bá mi wò ó: òkúta tó ká bí ejò, tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀

Àkànjí Ẹ̀gbá
Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ òkúta kan ni mo gbé wá. Bàbá tó bí bàbá mi ló ni ín. Nígbà tí bàbá mi náà ṣaláìsí, tí a ń pín ẹrù, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ló bá di tèmi. Ó ká bí ejò tó sùn, ìrù rẹ̀ wà láàárín, kò sì ní orí. Ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ díẹ̀, ó nípọn tó ìka mẹ́ta, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Àwọ̀ eérú ni, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n díẹ̀. Inú agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà ló ń gbé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. "Ejò Baba" là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kí àwa ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu ò kò. Àbúrò bàbá mi ní ẹdùn àrá ni, kí n má fi ṣeré. Ìyàwó mi ní bí n kò bá gbé e kúrò nínú ilé, òun á pe pásítọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní fọ́sílì ni, ìyẹn ohun abẹ̀mí àtijọ́ tó ti di òkúta, pé òun rí irú ẹ̀ lórí fóònù, owó ńlá ni. Fọ́tò mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ yìí. Kí ni nǹkan yìí gan-an? Kí sì ni kí n ṣe sí i?

Ìyá Ìbùkún
Gbọ́ ti ìyàwó ẹ, ọmọ mi. Ohun tí a ò mọ orísun rẹ̀ kì í bá ọmọ wẹ́wẹ́ gbé inú ilé kan náà. Gbé e lọ sódò, kí o jù ú sí i, kí o má wẹ̀yìn.

Baba Kúárì
Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó ju nǹkan nù. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, kí n tó fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá ti yin ẹ̀tù tán, tí eruku bá rọlẹ̀, tí a wọlé lọ wo ohun tó wó, ojú wa máa ń rí nǹkan. Ìkarahun ìgbín tó ti di òkúta, oríṣiríṣi ìṣáwùrú, akàn tó ká ẹsẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé àná ló kú. Eyín ẹja àkurákudà náà wà, dúdú, ó ń dán, etí rẹ̀ mú débi pé ó gé mi lọ́wọ́ rí. Àwọn ẹnjiníà wa ló sọ fún wa nígbà náà pé òkun ló wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, pé ara àwọn ẹran òkun yẹn ló di òkúta tí a ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì.

Àkànjí, fọ́sílì lo ní yẹn. Ammonite ni wọ́n ń pè é, ẹran òkun ayé àtijọ́ tí ìkarahun rẹ̀ ká. Bí o sì ṣe jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá yẹn, Ewékorò náà ni Baba yín ti gbé e. Kò sí àlọ́ níbẹ̀.

Ọmọ Oníṣàngó
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ẹdùn àrá kúrò nílẹ̀. Ṣàngó là ń bọ nílé wa, igbá ẹdùn àrá sì wà níwájú ojúbọ títí di òní. Ẹdùn àrá kì í ká. Ó rí pẹlẹbẹ, orí kan fẹ̀ tó sì mú bí ẹnu àáké, ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ara rẹ̀ sì ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn tó ń wú ilẹ̀ fún ìtàn ní orí àáké àwọn ará àtijọ́ ni, kí irin tó dé. Èmi ò bá wọn jà, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Àmọ́ ti fọ́tò yìí, kò jọ ọ́ rárá. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fojú kan ẹdùn àrá rí.

Kí àbúrò bàbá yín má bínú o.

Àkànjí Ẹ̀gbá
Ẹ ṣé o. Ó ní torí ó jọ ìwo àgbò ni òun ṣe sọ bẹ́ẹ̀, pé àgbò ni ẹran Ṣàngó.

Ọmọ Oníṣàngó
Haa. Ìyẹn dára létí. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹdùn àrá.

Tánwá Olókùúta
Ìwo àgbò yẹn dùn mọ́ mi. Orúkọ ammonite fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá: òrìṣà kan wà ní Íjíbítì láyé àtijọ́, Ammon, tó ní ìwo àgbò lórí, àwọn ará Róòmù sì sọ àwọn òkúta kíká yìí ní ìwo Ammon.

Mo ka jiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Baba Kúárì, ẹ kú iṣẹ́ sà, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ní Ewékorò pátá ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan ni n kò lè gbà: ammonite kò sí ní Ewékorò. Ẹran omi tó ń jẹ́ ammonite parun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, ìgbà kan náà tí àwọn dinosaur parun. Òkúta Ewékorò kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bí mílíọ̀nù 60 ọdún ló wà, bóyá ó dín, bóyá ó lé díẹ̀. Nígbà tí òkun ń kó ẹrẹ̀ Ewékorò jọ, ammonite ti parí. Bí ẹ bá rí nǹkan kíká níbẹ̀, nautilus ni. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọ́n sì jọra gan-an, àmọ́ nautilus kò parun. Ó ń wẹ̀ nínú òkun Pàsífíìkì báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Àkànjí, inú ìkarahun yẹn pín sí yàrá-yàrá nígbà tí ẹran náà wà láyé. Yàrá tó gbẹ̀yìn lẹ́nu ni ẹran ń gbé, afẹ́fẹ́ ló wà nínú ìyókù. Níbi tí ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan ti kan ìkarahun, ìlà máa ń wà níbẹ̀. Ti nautilus, ìlà náà kàn tẹ̀ bí ọrun ni. Ti ammonite, ó máa ń lọ́ sókè sódò bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léèsì sí. Fi aṣọ tútù nu òkúta yẹn, aṣọ àti omi lásán o, kó o tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Bí ó bá ń gbẹ, máa wò ó. Tún wo ibi tí ẹnu rẹ̀ ti kán, bóyá wàá rí ojú ihò kékeré kan, bí ojú abẹ́rẹ́ ńlá. Bí ó bá wà létí òde, ammonite ni. Bí ó bá wà láàárín tàbí sún mọ́ inú, nautilus ni.

Baba Kúárì
Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ kàwé. Àmọ́ mo fojú ara mi rí nǹkan kíká ní Ewékorò, kì í ṣe ìgbà kan, kì í ṣe ìgbà méjì.

Tánwá Olókùúta
Ẹ rí i lóòótọ́ sà. Nautilus lẹ rí. Orúkọ nìkan la ń jà sí.

Fẹ́mi Ọlọ́jà
Ẹ̀yin ará, ìjà orúkọ lẹ ń jà, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ owó. Àkànjí, wá òróńbó wẹ́wẹ́ mẹ́rin, fún un sórí rẹ̀, kó o fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dáadáa, kó o wá fi epo kékeré pa á lára kó lè dán. Ya fọ́tò rẹ̀ lórí aṣọ dúdú. Mo ní ẹni tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sí òkè òkun. Kàn sí mi níkọ̀kọ̀.

Wẹ́mìmọ́ Leeds
Àkànjí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má fún òróńbó kankan sí i! Bí òkúta náà bá jẹ́ irú tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ohun kíkan á jẹ ẹ́ ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ra kékeré kan ní Whitby, mo ní kí n fọ̀ ọ́ kó mọ́, mo rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú. Ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ bí Alka-Seltzer. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti rí bí ṣúgà tí ọmọdé lá tì. Gbogbo ìlà tó dára lára rẹ̀ ti bá omi lọ. Epo pẹ̀lú, kì í jáde mọ́ tó bá ti wọnú òkúta, eruku ló sì máa ń kó.

Whitby yẹn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín torí "Ejò Baba". Ìlú etí òkun ni ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ammonite kún etí òkun ibẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́ ní ejò ni wọ́n, pé ìyá mímọ́ kan tó ń jẹ́ Hilda, tó dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ sílẹ̀ lórí òkè ibẹ̀ ní ọdún 657, ló gbàdúrà sí gbogbo ejò tó wà níbẹ̀ tí wọ́n fi di òkúta. Nígbà tí àwọn èèyàn wá ń bi wọ́n pé orí ejò náà dà, àwọn ọlọ́jà mú irin, wọ́n gbẹ́ orí sí i! Mo ti rí èyí tó ní ojú méjèèjì àti ẹnu. Àwọn onímọ̀ sì fi orúkọ ìyá náà sọ irú ammonite kan, Hildoceras. Nítorí náà Ìyá Ìbùkún, ẹ sọ fún ìyàwó Àkànjí pé níbòmíràn, àdúrà ni wọ́n ní ó sọ ọ́ di òkúta.

Ìyá Ìbùkún
Ìyẹn ni pé ó ti jẹ́ ejò rí. Ṣé ẹ ò wá rí i?

Wẹ́mìmọ́ Leeds
😂 Mo gbà fún yín, mà.

Ọmọ Pọ̀bẹ̀
Ẹ káàárọ̀ o. Láti apá Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ. Òkúta sìmẹ́ńtì wà lọ́dọ̀ tiwa náà ní Onígbólò. Àbúrò ìyá mi kan ṣiṣẹ́ ní Tógò níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní Hahotoé, ìkòkò kan ló kó eyín àkurákudà wálé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé eyín ẹja ni, a rò pé orí ọfà ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé bí bàbá àgbà mi bá kú láìsọ pé Tógò ni àbúrò ìyá mi ti kó o wá, gbogbo wa là bá máa búra pé inú oko wa ni wọ́n ti wù ú. Kí ni Baba Àkànjí ṣe láyé? Níbo ló ti ṣiṣẹ́? Ọmọ Ẹ̀gbá kì í gbé Ẹ̀gbá nìkan.

Alábòójútó
Fẹ́mi Ọlọ́jà, a ti yọ nọ́ńbà tí o fi sílẹ̀ kúrò. Ìjíròrò la wà fún, a kì í ṣe ọjà níbí.

Àkànjí Ẹ̀gbá
Ẹ gbà mí o. Mo ti nù ún.

Aṣọ ìnuwọ́ kan tó tutù ni mo lò, mo sì pa iná yàrá. Nígbà tó gbẹ, kò sí nǹkankan lára rẹ̀, eérú lásán. Bí omi ṣe kàn án báyìí, ìlà jáde! Dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi pé ẹnì kan fi pẹ́ńsù fà á, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan láti ìdí lọ sí ẹnu, bí àtẹ̀gùn. Kì í tẹ̀ bí ọrun o. Ó ń lọ bí ìgbì omi: á yọ rogodo sókè, á sọ̀ kalẹ̀, níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn á ní eyín wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, á tún yọ rogodo. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Òun ló ka márùn-ún tó hàn ketekete. Kí n tó gbé fóònù láti yà á, ó ti gbẹ, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Mo tún nù ún. Ìgbà mẹ́rin ni mo nù ún. Fọ́tò tó dára jù nìyí.

Ihò tí Tánwá sọ, n kò rí i. Ẹnu rẹ̀ ti kán jákujàku.

Tánwá Olókùúta
Àkànjí!!! Nautilus kọ́ nìyẹn o. Ammonite ni. Ìlà tó ní eyín wẹ́wẹ́ yẹn, nautilus kò ní in.

Kí ẹ má wulẹ̀ fi í wé fọ́tò àwọn ará Whitby, ìlà tiwọn lọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ewé tí kòkòrò jẹ. Orí rogodo tí kò ní eyín, ìsàlẹ̀ tó ní eyín kéékèèké, irú ammonite tó pọ̀ nínú òkúta wa ní apá òkè nìyẹn. Àwọn bíi Vascoceras, wọ́n sábà máa ń ki pọ́pọ́, ara wọn kì í sì ní ṣóńṣó tó yọ síta púpọ̀.

Nítorí náà, Baba Kúárì, ó jẹ́ ammonite bí ẹ ṣe wí, àmọ́ kì í ṣe Ewékorò. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Pọ̀bẹ̀ ló kù: níbo ni Baba ti ṣiṣẹ́?

Baba Kúárì
Ó kéré tán mo gba máàkì kan.

Àkànjí Ẹ̀gbá
Mo mọ̀ pé rélùwéè ló ṣiṣẹ́, ibi tí ó ti ṣe é ni n kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣì wà ní Ìtòkò, màá pè wọ́n lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.

Ọlárónkẹ́
Bí ẹ ti ń wá ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún un nípa ẹni tó máa gbé e fún. Bàbá mi ní ère igi kékeré kan, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan pé kí wọ́n bá mi wò ó. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà lọ́sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ mi pé níbo ni mo kọ ọ́ sí pé mo mú nǹkan wá. N kò ní ìwé. Ọdún kẹfà nìyí. Àkànjí, má fi òkúta yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba ìwé tó ní ọjọ́, orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí ìwé, sọ pé ìwọ náà kò ní òkúta.

Fẹ́mi Ọlọ́jà
Gbogbo wàhálà yìí nítorí òkúta tí ẹni kan ní òkè òkun lè fi dọ́là rà lọ́la.

Tánwá Olókùúta
Fẹ́mi, òfin wà o. Òfin àjọ National Commission for Museums and Monuments ti 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ wọn. Bí fọ́sílì yìí bá wà lára rẹ̀, bí kò bá sí, kì í ṣe ìwọ ni wàá dá ẹjọ́ rẹ̀ níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn ni kí èèyàn béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Ammonite kò sì wọ́n bí ẹ ṣe rò, wọ́n pọ̀ lágbàáyé. Ibi tí wọ́n ti gbé e àti ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ ni àwa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ń wá.

Wẹ́mìmọ́ Leeds
Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn kéékèèké kò ju owó búrẹ́dì àti bọ́tà lọ. Ayédèrú náà pọ̀: èyí tí wọ́n ń kó wá láti Mòrókò, òmíràn jẹ́ òkúta gidi, òmíràn jẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n da erùpẹ̀ sí. Gọ́ọ̀mù kì í tutù lẹ́nu tó òkúta, tí wọ́n bá sì fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án, á rùn bí ike. Àmọ́ ti Àkànjí kò nílò abẹ́rẹ́, ìlà inú rẹ̀ ti sọ tirẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Gombe
Ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kejìlá mi nìyí ní Gombe. Bí Baba yín bá ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ béèrè bóyá ó dé ọ̀dọ̀ wa. Rélùwéè tó ti Kuru lẹ́bàá Jọs kọjá sí Bauchi, tó gba Gombe, tó dé Maiduguri, láàárín 1958 sí 1964 ni wọ́n ṣe é, òkúta tí wọ́n gé lójú ọ̀nà kì í ṣe kékeré. Lọ́nà Pindiga, mo ti rí òkúta kíká yìí nínú odò tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, òmíràn tó táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Mo mú ọ̀kan, dírẹ́bà mi ní kí n jù ú sílẹ̀, mo jù ú sílẹ̀. Ó ń dùn mí báyìí.

Tánwá Olókùúta
Gombe gẹ́gẹ́! Òkúta Pindiga yẹn ni mo ní lọ́kàn. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 93 ọdún sẹ́yìn, omi òkun ga débi pé ó gba àfonífojì Bẹ́núé wọlé láti gúúsù, òmíràn sì gba Sàhárà bọ̀ láti àríwá, wọ́n pàdé. Ibi tí àwọn màlúù ń jẹ̀ ní Gombe lónìí, inú òkun ni.

Àkànjí Ẹ̀gbá
Ẹ kú sùúrù. Mo bá ìyá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, kẹ́ẹ̀dì mi tán lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní akọ̀wé ni Baba, òun ló ń kọ orúkọ àwọn lébìrà tó ń ṣe ojú irin. Ó ti Jọs kọ̀wé sílé, ó ti Bauchi kọ̀wé, lẹ́yìn náà ó di Gombe. Níbi tí wọ́n ti ń gé òkè kí ojú irin lè kọjá ni ó ti ṣa òkúta náà. Atẹ́gùn ibẹ̀ le, ó máa ń gbé ìwé owó oṣù kúrò lórí tábìlì nínú àgọ́, ló bá fi òkúta yẹn lé e. Nígbà tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀, kò fẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ìwé owó. Ó wá sọ fún wọn pé ejò ni, pé ó ń sùn ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa jí i.

Ìyá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀ ni?"

Àbúrò bàbá mi tó ní ẹdùn àrá ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lẹ́yìn tí Baba ti padà wálé. Kò débẹ̀. Ìyàwó mi ní kò burú, ó lè wà ní pálọ̀, kì í ṣe yàrá.

Ìyá Ìbùkún
Bó bá jẹ́ ti ìwé owó ni, mo gbọ́. Ẹ ṣáà gbàdúrà sí i.

Tánwá Olókùúta
Kọ gbogbo ohun tí ìyá sọ sílẹ̀ lónìí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó o fi ọjọ́ sí i, kó o fi sínú agolo náà. Bí o bá lè wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wá sí ẹ̀ka jiọ́lọ́jì ní Yunifásítì, màá mú ọ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ wa kan tó ń ṣe fọ́sílì. Ilé Ifẹ̀ pẹ̀lú ní mùsíọ́ọ̀mù ohun àdáyébá ní OAU, bí ibẹ̀ bá sún mọ́ ọ jù. Má fọ̀ ọ́ mọ́.

Àkànjí Ẹ̀gbá (ọjọ́ Ọjọ́rú)
Mo ti dé láti Ìbàdàn. Olùkọ́ náà kò gba òkúta lọ́wọ́ mi rárá, ojú mi ló ti wò ó. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 11 ní fífẹ̀. Ó fi ìgò awò kékeré wo ìlà náà pẹ́ títí, ó ní ammonite ni, òun sì gbà pé apá Gombe ló ti wá, nítorí irú ìlà náà àti erùpẹ̀ tó pọ́n tó ṣì há sínú ẹnu rẹ̀. Irú èyí tó jẹ́ gan-an, ó ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kọ ìwé fún mi, ó fọwọ́ sí i, Ọlárónkẹ́, ọjọ́ àti àwòrán wà níbẹ̀.

Kí n tó jáde, ó bi mí pé ṣé agolo bisikíìtì yẹn náà jẹ́ ti Baba. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má jù ú nù.

Baba Kúárì
Tánwá ọmọ mi, méjì tó ká báyẹn wà nílé mi ní Ewékorò. Ọ̀kan ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn kó má baà pa dé. Ṣé kí n mú wọn wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà?